Ìyá Délé Kó Jáde

Jímọ́ọ̀, Pápá Àjàó, 1975

Ìyá Délé, ayálégbé mi, ti kó jáde lónìí. Ààfáà ní owó ilé tí mò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta bíà, haráàmù ni. Mi ò lè bá Ọlọ́run jiyàn, ni mo bá ní kó máa lọ.

Ká ní ó tiẹ̀ bú mi ni! "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ̀sìn yín ni." Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, òun ló ń pọnmi sínú kẹ́tù àlùwàlá mi.

Nírọ̀lẹ́ mo jáde wá ṣe àlùwàlá Màgáríbì. Kẹ́tù kún dẹ́múdẹ́mú. Ó ti pọnmi sí i kó tó lọ.

Mo jókòó tì í títí wọ́n fi kírun tán ní mọ́ṣáláṣí.