Ọdún Mẹ́fà Tí Mo Fi Ránṣọ Lórí Ìdúró

Ẹ̀yin olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ṣáà ni mí.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ránṣọ lórí ìdúró. Bí mo bá ti jókòó, ojú ara mi á máa ta mí bíi pé wọ́n fi ata sí i. Ni mo bá fi búlọ́ọ̀kù gbé tábìlì ẹ̀rọ mi ga. Aránṣọ òdìkejì títì rí i, ó gbé tirẹ̀ náà ga. Mo rò pé ó ń jí àṣírí iṣẹ́ mi ni!

Dókítà mẹ́ta ni mo rí. Wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹnìkan ò wo ibi tó ń dùn mí. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọ̀kan tiẹ̀ ní ọkọ mi ni mi ò fẹ́. Ọkọ tó bá mi ru búlọ́ọ̀kù!

Oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì àgbà kan mú òwú tí a fi ń nu etí, ó ní, "Àbúrò mi, sọ ibi tó bá ti ta ọ́." Ó rọra fi kan ojú ibi kan, mo figbe ta. Ó ní, "O ò parọ́. Àìsàn gidi ni, ó sì ní ìtọ́jú." Ìṣẹ́jú márùn-ún péré! Ó fún mi ní ìpara, ó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa dẹ iṣan ìsàlẹ̀ ikùn. Ìrora ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú tó ń bí mi ni kò rọlẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló máa dá ọdún mẹ́fà mi padà? Ìwọ aránṣọ òdìkejì, bó bá jẹ́ pé ìwọ náà ò lè jókòó ni, sọdá wá. Mo mọ ilé nọ́ọ̀sì náà.