Ìgò Kànáfùrù Tó Wà Lọ́wọ́ Yín

Ilé Wolé-wolé,
Ọ̀wọ̀.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù kọkànlá, 1956.

Eyínfúnjowó mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ọmọ ọkọ. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ẹlẹ́gbẹ́ka? Ikọ́ tó ń yọ ọkọ yín lẹ́nu lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Ọyẹ́ ti ń bu ètè wa jẹ níhìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọmọ yín Adéfúnkẹ́ kí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé eyín òun iwájú ti já.

Kí ẹ tó kà síwájú, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ gbé ìgò kékeré tí mo fún yín lọ́jọ́ Àìkú kúrò nídìí ààrò, kí ẹ gbé e sórí àjà. Ẹ má dà á sí ọbẹ̀ kankan títí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí dé òpin. Mo ti sọ fún Múdàṣírù dírẹ́bà pé ọwọ́ yín gan-an ni kó fi í lé. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kà á. Ẹ má pe ọmọ kankan kó wá kà á fún yín, nítorí n kò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ara mi.

Mo ń jowú yín. Ẹ ó ní orogún ni obìnrin ń jowú, kì í ṣe ọmọ ọkọ. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń se oúnjẹ fún Bàbá Fúnkẹ́. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé fún ọdún méjì n'Íbàdàn, mo tún kọ́ ọ fún ọdún kan nílùú òyìnbó. Mo ń fi ṣíbí wọn iyọ̀, mo ń fi ife wọn omi. Bí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín á jẹ ẹ́ tán, á ní, “Ó dáa.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé tó bá ti Ẹlẹ́gbẹ́ka dé, kó tó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ: “Ìbílọlá, ọbẹ̀ tí Lábísí sè lónìí! Díẹ̀ ló kù kí n gé ìka ara mi jẹ.” Wolé-wolé tó ń bá gbogbo ìlú jà pé wọn kò bo ìkòkò omi, kò rí i rí pé ìkòkò ọbẹ̀ yín kò ní ìdérí!

Ẹ̀yin náà kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ bá mi nídìí ààrò tí mo ń wọn iyọ̀, tí ẹ sì figbe ta: “Ẹ wá wò ó o! Ìyàwó wa ń po oògùn! Ìyàwó, ta ló ń ṣàìsàn?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni mo fi rín in.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún òróró olóòórùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí n kò ṣàlàyé lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe òróró tí à ń fi dín àkàrà. Wọ́n á jẹ́ kí ooru omi gbígbóná gba inú kànáfùrù kọjá, ooru náà á gbé òórùn rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá mú un tutù, òróró á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára omi. Agbára rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀kán kan ṣoṣo tó kànáfùrù mẹ́ta. Nínú ìgò tí kò ju àtàńpàkò lọ tó wà lọ́wọ́ yín, agbára kànáfùrù tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lò ó, ẹ̀kán kan péré ni mo fi sí ọbẹ̀ adìyẹ. Bàbá Fúnkẹ́ tọ́ ọ wò, ó lá ọwọ́ rẹ̀. Mo dúró, mo ń retí. Ó ní, “Ìbílọlá, èyí mà dùn o. Ó ti ń jọ ti Lábísí.” Mo kó àwo kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ ọ́.

Bí inú mi ti rí nìyẹn nígbà tí ẹ dé lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹ sọ pé ẹ̀yin ni àwọn obìnrin ìjọ yàn láti se ọbẹ̀ fún fádà tuntun àti ogójì àlejò tó ń bọ̀ wá ṣí ilé ìwé ní Sátidé. Òórùn kànáfùrù gbà yín lọ́kàn, mo sì fún yín ní ìgò kan nínú méjì tí mo ní. Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, “Ìyàwó wa, báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n?” Èmi tí mo ń wọn iyọ̀, mo dá yín lóhùn pé, “Ẹ fojú wọ̀n ọ́n, Eyínfúnjowó. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ ti ń ṣe.” Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo mọ̀ pé bí ẹ ti ń da òróró ẹ̀pà ni ẹ ó dà á, ìdajì ìgò á sì lọ sí i. Mo fẹ́ kó lọ sí i.

Lánàá, mo ní kí n wọn ìwà ìkà mi wò. Mo mú ìgò kejì tó kù lọ́wọ́ mi, mo pín ìdajì rẹ̀ sí ọ̀nà ogójì, mo se ọbẹ̀ èèyàn méjì, mo sì fi ìpín èèyàn méjì sí i. Ẹ̀kán mẹ́fà ni. Mo tọ́ ṣíbí kan wò. Ahọ́n mi kú. Ètè mi ń ta mí bí ẹni pé iná jó o, omi ń dà lójú mi, títí di ìrọ̀lẹ́ n kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ri ọbẹ̀ náà mọ́lẹ̀ kí adìyẹ má baà jẹ ẹ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Bàbá Fúnkẹ́ fi ti ọ̀dọ̀ yín dé. Mo kí i káàbọ̀, ahọ́n mi wúwo. Ó ní, “Ṣé eyín ń dùn ọ́ ni?” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: “Lábísí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn o. Ó ń sọ kiri pé ìyàwó òun tó kàwé ló kọ́ òun ní ọbẹ̀ Sátidé. Ó ní kí wọ́n gbé àga sílẹ̀ fún ọ níwájú.” Mo wọ yàrá lọ. Láti ọdún mọ́kànlá, n kò yin ọbẹ̀ yín lójú ẹnì kan rí.

Ẹ wá gbọ́ ìdáhùn tó yẹ kí n fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ bu òróró ẹ̀pà ṣíbí ńlá kan sínú àwo. Ẹ ti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ìgò, ẹ gbé e sókè kí ẹ̀kán kan já bọ́ sínú òróró ẹ̀pà náà. Ẹ kà á dé mẹ́jọ fún ogójì èèyàn, kó má lé. Ẹ pò ó pọ̀. Bí ẹ bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kúrò lórí iná ni kí ẹ tó dà á sí i, torí iná máa ń lé òórùn rẹ̀ lọ. Ẹ rò ó, ẹ dé e. Ẹ má fi ìka kan ojú, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé dé ìdí ìgò náà. Ata, iyọ̀ àti ìyókù, ẹ fojú wọ̀n ọ́n. Ti ìyẹn, n kò ní ẹ̀kọ́ tí mo lè kọ́ yín.

Ẹ dárí jì mí. N kò ní parọ́ fún yín pé owú náà ti tán, ṣùgbọ́n kò tó ẹ̀kán mẹ́fà mọ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí n jókòó sórí àga yẹn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣì lọ́jọ́ náà. Kí àwọn àlejò jẹ, kí wọ́n yó, kí wọ́n sì lọ láyọ̀. Kí ara ọkọ yín le. Kí ẹ pẹ́ fún wa.

Èmi ni ìyàwó yín,
Ìbílọlá.

Àfikún: Ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Mo ti fọ̀ wọ́n, mo sì ti gé wọn dọ́gba. Nǹkan kan ló kù. Bí Bàbá Fúnkẹ́ bá bèèrè ní Sátidé pé kí lẹ fi sí ọbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lá ọwọ́ rẹ̀ tán.