Kí Wọ́n Gba Ẹ̀jẹ̀ Rẹ Kó O Tó Lo Oògùn

Gbádébọ̀, má tíì lo oògùn àárọ̀ rẹ o. Jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ ní Òṣogbo ná, kó o tó lo oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Dókítà pè láàárọ̀ yìí, wọ́n ní oògùn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, àwọn fẹ́ dín in kù. Mo wá rántí pé èmi ni mo dúró tì ọ́ lọ́jọ́ Ajé títí o fi gbé e mì, kó o tó lọ ṣàyẹ̀wò. Mo sọ fún dókítà, wọ́n ní èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yẹn ló jẹ́ kó pọ̀ nínú àyẹ̀wò náà. Má bínú. Wọ́n ní ká ní àwọn dín in ni, ara rẹ ì bá gbógun ti kíndìnrín tí mo fún ọ.

Ọkàn mi ti balẹ̀ wàyí. Mo ti lọ síléèwé ní Ìnísà.

Tọ́jú kíndìnrín náà dáadáa. Èyí tó kù lára mi, èmi náà ń lò ó.

Àǹtí Keziah