Àpótí Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Màmá Ẹ

Ta ló tún lè tọ́jú àpótí yẹn bíi tèmi? Kò sí! Bó o bá gbé e fún àwọn tó kàwé títí ojú wọn fi di bàìbàì, wọ́n á ti ṣí i wò tipẹ́. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ilé ìwé tó lé mi, bí ẹyin ni mo ṣe ń gbé e.

Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Bó o tiẹ̀ fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, àbúrò bàbá ẹ ni mí, bàbá ẹ náà ni mí, má rẹ́rìn-ín. Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ò ní yọ̀. Màmá ẹ ń kí ẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tó kán ti ń jinná, àmọ́ dókítà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e dìde títí eegun á fi mú. Ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi ń lọ dáadáa, kílípà mi ò han mọ́, ńṣe ló ń yọ̀ lórí àwọn oníbàárà bí ẹja.

Gbogbo ohun tó o sọ nígbà tẹ́ ẹ ń tún ibi iṣẹ́ yín tẹ́ ẹ ti ń po kẹ́míkà kọ́ tó o gbé àpótí wá sílé ni mo rántí. Ìgò kìíní, irin rírọ̀ tí wọ́n rì sínú òróró kí atẹ́gùn má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tó kórìíra omi ju ewúrẹ́ lọ; bí omi bá kàn án, iná dé. Ìgò kejì, irin tó ń ṣàn, tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ń mú kí ọwọ́ èèyàn máa gbọ̀n. Ìyẹn, mi ò fọwọ́ kan ìdérí ẹ̀ rárá! Gbàjámọ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, etí ta ló máa ṣẹ́kù? Mo ti bu yanrìn gbígbẹ sí báàfù, torí o ní bó bá gbiná, yanrìn ni, kì í ṣe omi. Àwòrán agbárí tó wà lára àpótí ńkọ́, ṣé ọ̀gá yín nìyẹn? Ó mà rù o, ẹ jẹ́ kó máa jẹun. Mo ti pa fóònù mi, torí wọ́n ní iná ló ń mú un ṣiṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí iná pàdé iná. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà rán awakọ̀.

Òrùlé wa ń jò, yàrá màmá ẹ nìkan ló gbẹ, mo bá ti àpótí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé omi wọlé. Àwo tá a fi ń nù ún lára, mo jù ú síta. Màmá ẹ ń bú mi, ó ní òun ò rí ọkùnrin tó ń sá fún omi báyìí rí, pé ṣé ológbò ni wọ́n fi ṣe àbúrò ọkọ òun ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò rẹ́rìn-ín. Lánàá mo dọ̀bálẹ̀ wo ìgò kìíní, irin yẹn ti hu funfun bí búrẹ́dì tó bu. Mo ṣí i díẹ̀, òógùn iwájú orí mi kán sí i, ó dún ṣíì, iná kékeré sì ṣẹ́jú sí mi. Mo yáa dé e. Mo fẹ́ gbé e jáde, àmọ́ bí mo bá ti nawọ́, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, omi sì ni òógùn.

Fi owó páànù ránṣẹ́, kí ìwọ fúnra ẹ sì tẹ̀lé owó náà wá. O ò ní rin ìrìn àṣedànù, wàá bá màmá ẹ láyé, àmín.

Ó ku ọ̀kan. Òróró inú ìgò yẹn mọ́ lójú jù, kílípà mi sì ń han nígbà yẹn. Mo ní díẹ̀ ni màá bù. Ìgò ti gbẹ, ọmọ mi. Màmá ẹ ò mọ̀, ó ń sùn lé e lórí, òjò sì ti ṣú.