Wáyà Etí Òsì

Màámi,

Ẹ kú òtútù Aomori o. Àwọn ápù tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, wọ́n dùn gan-an. Ara mi le. Ní ilé ìtajà wa ní Akihabara, èmi ni mo máa ń fi àwọn ẹ̀rọ ìgbórin olówó gegere bo etí, tí mo ń kọ bí ohùn wọn ṣe rí sílẹ̀ fún oníbàárà.

Ẹ gbọ́ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wáyà méjì ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà ń lò, ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ pé: "Ó fúyẹ́ lórí, tìmùtìmù rẹ̀ rọ̀, ohùn rẹ̀ tòrò lọ́tùn-ún lósì." Ni ọ̀gá mi, Kuramochi, bá bú sẹ́rìn-ín.

"Shiori! Wáyà òsì ò mà sí lára ẹ̀! Àbí iwin ló ń kọrin sí ẹ létí ibẹ̀?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ ṣíwọ́ ẹ̀rín, tó wá ń wo etí òsì mi.

Láti ọjọ́ kejì, ẹrù oníbàárà ni wọ́n ní kí n máa dì. Iṣẹ́ náà ò le, ẹ má ṣèyọnu.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tí ẹ bá pè mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kí n gbé fóònù sí etí ọ̀tún ná.

Shiori yín