Mi Ò Ní Lè Wá Gbé Lọ́dọ̀ Yín

Inísà.

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Mo kí ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ yín ní Kánádà. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi náà ti wálẹ̀.

Káńsù fún àwa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní ilẹ̀ kí a máa dáko, kí ara wa má baà gan. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, tí mo fi ọkọ́ kọ́lé méjì, èmi ni mo ń kọ́ wọn. Lánàá, pírínsípà kan tó ti fẹ̀yìn tì kó koríko gbígbẹ tí a fi bo orí ebè iṣu rẹ̀ dànù, ó ní kó lè mọ́ bí ọgbà ilé ìwé. Mo ní, "Ọ̀gá, oòrùn á se iṣu yẹn jinná kó tó hù." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, tíṣà."

Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúpẹ́ yàrá tí ẹ tọ́jú dè mí, ṣùgbọ́n tí mo bá wá jókòó síbẹ̀, n ó darúgbó lójijì. Má sunkún. Fi bàtà òjò ránṣẹ́ sí mi, kí o sì kó àwọn ọmọ wálé nígbà tí a bá ń wa iṣu. Olúwa á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín, á sì jẹ́ kí ojú wa tún rí ara wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọmọ́ṣẹ̀yìndé