Ṣálángá Ẹ̀bá Kànga

Ubeji, Warri.

Tinúkẹ́, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ní Ìgbòkòdá. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìlérí, ọmọ-ọmọ mi, ti kúrò ní ọsíbítù, ọpẹ́ ni.

Ohun tó gbé e débẹ̀ ṣì ń já mi láyà. Wọ́n yẹ omi kànga wa wò, ìgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀! Ìlérí wò mí lójú: "Grandpa, so na our own shit we dey drink?"

Èmi wolé-wolé, tí mo gbé èèyàn lọ sí kóòtù nítorí ṣálángá, èmi ni mo gbẹ́ tèmi sí ẹ̀bá kànga. Nílé tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà lórí omi, omi ló ń wọ́ gbogbo ìgbẹ́ lọ. Mo ṣe bí ilẹ̀ náà yóò gbé e lọ ni. Mo mọ òfin, àfi bíi pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ló wà fún.

Èmi náà ni mo júwe ibi tí wàá gbẹ́ tìrẹ sí. Jọ̀ọ́, dá bíríkìlà dúró lónìí, kí ó gbé e jìnnà sí kànga.

Olúwa yóò fi omi mímọ́ tọ́ àwọn ọmọ rẹ. Bí bíríkìlà bá ní wolé-wolé ló fọwọ́ sí i, sọ fún un pé wolé-wolé náà ti mu nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bámigbóyè